Olórin Ilé-Iṣẹ́ Aránṣọ

Ọ̀gá fẹ́ràn orin tí àwọn aránṣọ rẹ̀ ń kọ. Tí àlejò bá dé, á ṣí fèrèsé yàrá onígíláàsì tó wà lókè, á ní, "Ẹ gbọ́ wọn? Inú wọn ń dùn." Ó pẹ́ kó tó yé e pé orin yẹn gan-an ló ń fa iṣẹ́ òun sẹ́yìn.

Ohùn obìnrin tó ń lé orin náà tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Olórin. Níbi iṣẹ́ yẹn, ẹnì kan á rán kọ́là, á tì í sọ́dọ̀ ẹni tó kàn, ìyẹn á rán apá, títí ṣẹ́ẹ̀tì á fi dé iwájú Ìyá Bọ́tìnnì, àgbàlagbà tó ń fọwọ́ rán bọ́tìnnì mọ́ ọn, tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti ń le. Bí ṣẹ́ẹ̀tì bá ti ń ga jù níwájú ìyá yìí, Olórin á wò ó fìrí, á yí orin padà sí èyí tó falẹ̀: "Rọra, ọkàn mi, Olúwa ò kánjú." Gbogbo aránṣọ á gbè é, ẹsẹ̀ wọn á máa tẹ máṣíìnì bí orin ṣe ń lọ, títí òkìtì yẹn á fi relẹ̀. Wọn ò ṣe ìpàdé lé e lórí rí. Wọ́n kàn mọ̀ ọ́n ni.

Nígbà tí alábòójútó wọn fẹ̀yìn tì, Olórin ni ọ̀gá fi rọ́pò rẹ̀. Ipò náà ní ilé tirẹ̀, yàrá méjì lẹ́yìn ọgbà ilé-iṣẹ́, tí oòrùn ń wọ̀ dáadáa. Omi ló ń sun lára ògiri yàrá tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń húkọ́ níbẹ̀ bíi pé àyà rẹ̀ fẹ́ ya. Kò pẹ́ tí wọ́n kó dé ilé tuntun tí ikọ́ náà fi rọlẹ̀. Olórin kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọpẹ́ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ọ̀gá fi ké sí i gòkè.

"Alábòójútó, jókòó. Orin yìí, ṣé ìwọ lo ṣì ń lé e?"

"Èmi ni, sà."

"Mo ti ń fetí sí i. Tó bá yá, iṣẹ́ ń yá. Tó bá falẹ̀, iṣẹ́ ń falẹ̀. Láti ọ̀la lọ, èyí tó yá ni kó o máa lé. Ẹni tí ò bá lè bá a lọ, a ó rí i, kó lọ sinmi nílé."

Olórin rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ojú ṣe.

Kó tó wọlé nírọ̀lẹ́, ó yà sọ́dọ̀ pásítọ̀. Pásítọ̀ gbọ́ ọ tán, ó gbọ́wọ́ lé e lórí. "Ọlọ́run ló gbé ọ débẹ̀, ọmọ mi. Gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ lẹ́nu." Olórin ṣe àmín.

Nílé, ó bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní yunifásítì. Ó tún ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú," ni ìyẹn wí. "Àwọn tó ni máṣíìnì àtàwọn tí kò ní ju ọwọ́ wọn lọ, ìjà wọn ti wà kí wọ́n tó bí yín. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé sáàárín, bó ṣe máa ṣe nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ipò ni."

"Ipò ló ń kọrin?"

"Ẹ jẹ́ kó yé yín—"

"Ó yé mi. Ọ̀fun ta lorin ti ń jáde?"

Ìyá wọn yíjú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Alákọ̀wé, gbogbo ìwé tó o kà yẹn, kò síbi tí wọ́n ti ní kéèyàn fọ abọ́ tó fi jẹun?"

Olórin rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Pásítọ̀ ní Ọlọ́run ni. Àbúrò òun ní ipò ni. Kò sẹ́ni tó ní òun ni. Ó yẹ kíyẹn tù ú nínú, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. Ó gbàdúrà kó tó sùn: "Olúwa, tó bá jẹ́ Ìwọ lo gbé mi síbí, ṣé Ìwọ náà lo fẹ́ lé Ìyá Bọ́tìnnì lọ?" Ó dúró de èsì. Mímí ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, tó ń lọ geere. Ẹ̀rù bà á pé bóyá èsì náà nìyẹn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pinnu pé òun ò ní lé orin kankan, kí ọwọ́ òun lè mọ́.

Ariwo máṣíìnì nìkan ló kù. Láìsí orin, kálukú ń sá eré tirẹ̀, torí wọn ò mọ ohun tí alábòójútó tuntun ń wò. Ṣẹ́ẹ̀tì ga níwájú Ìyá Bọ́tìnnì títí ó fi dé àgbọ̀n rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" ni obìnrin tó ń rán apá fi ń ṣẹ̀fẹ̀. "Ṣẹ́ẹ̀tì ti bò yín o!"

"Mo wà níbí. Mo ń wá ọ̀nà àbájáde."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní òkè, ọ̀gá yọjú lẹ́yìn gíláàsì, ó wo òkìtì náà, ó sì mi orí sí Olórin bí ẹni tó ń kí i kú iṣẹ́. Ó wá yé Olórin. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yìí náà, iṣẹ́ ọ̀gá ló ń ṣe.

Ló bá la ẹnu, ó lé e: "Rọra, ọkàn mi, Olúwa ò kánjú."

Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó tún un lé. Obìnrin tó ń rán apá rọra sọ ọ́ sétí ẹnì kejì rẹ̀, ṣùgbọ́n Olórin gbọ́: "Má dá a lóhùn o. Ó fẹ́ mọ ẹni tó máa falẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Orin kan náà ni, ẹnu kan náà ni, wọn ò sì gbà á gbọ́ mọ́. Ó fa àpótí kan, ó jókòó ti Ìyá Bọ́tìnnì, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan lórí òkìtì, ó sì ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò dẹ́kun orin.

"Wọ́n á lé ìwọ náà," ni ìyá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìyá rẹ ńkọ́?"

Olórin gún abẹ́rẹ́ náà wọ aṣọ. "Ẹ gbè é, Ìyá."

"Ohùn mi ti há."

"Ẹ gbè é bẹ́ẹ̀."

Ìyá Bọ́tìnnì gbè é, ohùn rẹ̀ ń ha bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Lókè, ilẹ̀kùn yàrá onígíláàsì ṣí. "Alábòójútó!" Olórin ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ń fún òun lókun àbí agídí lásán ni. Ó mọ̀ pé yàrá tí oòrùn ń wọ̀ yẹn ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn tó kù ò gbójú sókè, ẹsẹ̀ wọn ṣì ń sáré lórí máṣíìnì. Bàtà ọ̀gá ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, Olórin sì ń wá ojú ihò bọ́tìnnì tó kàn.