Orúkọ Ìyá Aláìsàn

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni Fíṣẹ́lì, ẹni tó ń bójú tó sínágọ́gù kékeré kan ní Jerúsálẹ́mù, ṣi àdúrà aláìsàn gbà. Obìnrin kan, Ráísà, ló fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè. Bẹ́ẹ̀ òkú là ń fi orúkọ bàbá pè. Ẹni tó ń ṣàìsàn, orúkọ ìyá rẹ̀ ni. Gbogbo ilé ní "Háà!" Nígbà tí ara Ráísà yá, ó wá bá a: "Fíṣẹ́lì, ṣé o fẹ́ẹ́ sin mí láàyè ni?"

Láti ìgbà náà, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló máa ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀, tí yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Tí oòrùn bá ti wọ̀, Sábáàtì dé nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú kálàmù mọ́.

Ó ní àbúrò kan, Lípà. Ọdún mọ́kànlá ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pá fìtílà ìyá wọn tí Lípà gbé lọ kí ọjọ́ méje ọ̀fọ̀ tó pé. Láti ọjọ́ náà, orúkọ ìyá náà kò tún ti ẹnu Fíṣẹ́lì jáde.

Lówùúrọ̀ Sábáàtì kan, Mírẹ̀lì, ìyàwó Lípà, dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà sínágọ́gù.

"Ẹ̀gbọ́n, Lípà wà ní ọsibítù. Ọkàn rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ rẹ̀."

"N ò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Sábáàtì ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ ọ́? Àbí ẹ ti gbàgbé orúkọ àbúrò yín?"

Fíṣẹ́lì wọlé lọ.

Wọ́n ka ìwé Òfin títí, wọ́n dé ibi àdúrà aláìsàn. Fíṣẹ́lì ka orúkọ mẹ́sàn-án tó wà nínú ìwé rẹ̀, ó sì ká ìwé náà pọ̀.

"Ó tán?" ni Ṣrágà arúgbó bi í. "Ebi ń pa wá o."

"Kò tíì tán." Ó la ẹnu. "Lípà, ọmọ..." Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì, kò sì sí orúkọ mìíràn tó lè fi pè é. "Lípà, ọmọ Fréídà."

"Àmín," ni gbogbo ilé wí.

Ó ku gbólóhùn tí wọ́n fi ń parí rẹ̀: "Sábáàtì ni òní, a kò gbọdọ̀ ké, ìwòsàn kù sí dẹ̀dẹ̀." Ó sọ ọ́ pé pérépéré, omijé sì ń bọ́ sórí irùngbọ̀n rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù.

Lípà wò ó láti orí ibùsùn. "Ọ̀pá fìtílà lẹ wá gbà?"

"Sinmi ariwo. Kí ara rẹ ṣáà yá."

Ara Lípà sì yá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìlú Háífà, yàrá kejìlá, ni a gbọ́ kẹ́yìn pé Fíṣẹ́lì wà. Òun àti Lípà ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀.