Kan Igi Kí O Tó Sún Mọ́ Ọn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án tó kọjá, ní òwúrọ̀, mo gbọ́ igbe kan nínú igbó orí òkè tó wà lókè Udine ní Italy, igbe náà sì gbé mi padà sí oko bàbá mi nítòsí Ìgànná. Ó gùn, ó nípọn, bí ìgbà tí màlúù bá ń kérora nínú àgbá òfìfo. Tọ́pẹ́ ọmọ mi di apá mi mú, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Mamma, senti! Il cervo!"

Ó ní kí n gbọ́. Cervo ni wọ́n ń pe àgbọ̀nrín ńlá tí ìwo rẹ̀ yà bí ẹ̀ka igi. Padua ni mo bí Tọ́pẹ́ sí, ibẹ̀ ló ti kàwé nípa igbó, iṣẹ́ rẹ̀ báyìí sì ni láti mọ iye ẹranko tó wà lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn. Bí ooru bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn akọ a máa ké pe abo, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi igbe náà kà wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn fẹ́ lọ wo ibi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dúró sí ni. Mo ní kò ní dá lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wá bàtà fún mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé àkókò igbe kò tíì tó. Kí ló wá ń ké? Ó ní bóyá èyí kò ní sùúrù ni. Ìdáhùn yẹn kò wọ̀ mí létí. Nígbà tí a ń gbé ní Via Anelli, àdúgbò eléwu kan ní Padua, n kì í ṣílẹ̀kùn láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Àmọ́ ìfura mi ti pẹ́ ju Italy lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò mọ igbó, bàbá mi kì í ṣe ọdẹ olókìkí o. Àgbẹ̀ tó ní ìbọn ni wọ́n. Nígbà ọyẹ́, èmi ni mo máa ń gbé kèrègbè omi tẹ̀lé wọn. Bí wọ́n bá dé ibi tí ẹtu ti jẹ̀, wọn a lúgọ, wọn a fi ìka fún imú, wọn a sì máa ké bí ọmọ ẹtu tó sọnù. Ìyá ẹtu kì í lè gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ kí ó má yọjú. Ẹ̀rín a máa pa mí, àánú ìyá ẹtu a sì tún máa ṣe mí.

Ṣùgbọ́n ọdẹ mìíràn náà lè gbọ́ igbe yẹn, kí ó sì na ìbọn síbẹ̀. Nítorí náà, bí bàbá mi bá gbọ́ ẹtu tó ń ké, wọn kì í sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìn àdá ni wọ́n fi ń kan igi: kó, kó. Bí ó bá jẹ́ ẹranko, yóò sá. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, yóò kan igi padà. Lọ́jọ́ kan, a gbọ́ ìdáhùn. Bàbá Ṣakí, ọ̀rẹ́ wọn, yọ orí jáde láàárín koríko, èèmọ́ kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìwọ ẹtu onírùngbọ̀n yìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ́ sínú ọbẹ̀!"

"Ẹran mi yi. Eyín rẹ kò ká a!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀, bàbá mi yọ ọta inú ìbọn wọn kí wọ́n tó gba omi lọ́wọ́ mi.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mo rí i pé Tọ́pẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi igbe náà. Àwọ̀ ẹ̀wù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ, igi wẹ́wẹ́ sì ń dá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Igbe náà tún dún. Ó gùn bí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, ó sì já níbi kan náà. Èémí ẹranko wo ló ń dọ́gba bẹ́ẹ̀? Mo he igi kan nílẹ̀, mo fi kan ìdí igi: kó, kó.

"Mamma, ma che fai?" Inú bí i, ó ní kí ni mo ń ṣe. Ó ní mo ti lé ẹranko náà sá.

"Dúró síbẹ̀, Tọ́pẹ́! Má gbé ẹsẹ̀!" Mo tún kàn án.

Igbó dákẹ́. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn ènìyàn tó ń bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀: "Chi c'è?"

Bàbá arúgbó kan dìde lẹ́yìn àpáta. Páìpù ńlá tó fi ń ké bí cervo wà lọ́rùn rẹ̀, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún Tọ́pẹ́ pé òun ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tipẹ́, òun sì rò pé ẹranko ló ń jẹ́ ìpè òun. Ó yọ ọta inú ìbọn, ó ṣí fìlà, ó ní, "Signora," ó sì ń wò mí bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Bí a ti ń padà lọ sójú títì, mo sọ ti bàbá mi àti Bàbá Ṣakí fún Tọ́pẹ́. Ìgbà yẹn ló fi èdè Italy bi mí pé báwo ni nonno, bàbá àgbà rẹ̀, ṣe máa ń kan igi. Mo fi ìka kan gíláàsì ọkọ̀ fún un.

Wọ́n ti kọ́lé sórí oko bàbá mi. Bàbá Ṣakí ti lọ, bàbá mi náà ti lọ, n kò sì mọ ẹni tí ìbọn wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí ó bá wà lórí òkè, a máa fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: afẹ́fẹ́, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà, kí ó tó sọ pé "Ciao mamma", kó, kó, lára igi. Mo máa ń tún un gbọ́, kí ó lè dá mi lójú pé òun ni. Ìgbà náà ni mo tó ń kan tábìlì padà.