Ìwé Faransé Tí Mo Kà Fún Baba Ahunṣọ

Ìró òfì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo jẹ́ tíṣà ní Ìsẹ́yìn, ní àwọn ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilé baba ahunṣọ kan ni mo ń gbé. Baba kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìtàn ju oúnjẹ lọ. Bí mo bá ti ti iléèwé dé, màá gbé àpótí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì rẹ̀, màá máa ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, màá sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún un bó ṣe ń hun aṣọ. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ká òwú nítòsí. Kò sí ẹni inú ìwé tí Ìyá kì í bá wí.

Lọ́jọ́ kan, mo ra ìwé kan láàárín àwọn ìwé àlòkù ní Ìbàdàn. Ará Faransé ló kọ ọ́, wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ọ̀dọ́kùnrin méjì ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, tí wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn bí ọkùnrin ṣe ń fẹ́ràn obìnrin. Mo kà á tán láàárín ọjọ́ méjì, mo sì sunkún, torí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lèmi náà, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó wù mí kí n mọ ohun tí Baba máa sọ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fura sí mi, wọ́n lè lé mi jáde nílé, iṣẹ́ tíṣà náà á sì bọ́. Nígbà tí mo ń kà á fún Baba, èmi ọlọ́gbọ́n bá sọ ọ̀kan nínú wọn di ọmọbìnrin.

Ọjọ́ mẹ́ta ni irọ́ náà fi dúró. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá dáwọ́ dúró.

“Tíṣà, ọmọbìnrin wo ló ń sùn nílé àwọn ọkùnrin látọjọ́ yìí? Ṣé kò sí àgbà níbẹ̀ ni?”

Mo ti pa ọmọkùnrin dà, n kò rántí pa yàrá dà. Baba kò gbójú sókè.

“Èmi ti mọ̀ látàná. Bí wọ́n bá so òwú mìíràn mọ́ tèmi, ṣé n kò ní mọ̀ ni? Ka ohun tó wà níbẹ̀.”

Mo dá ọmọbìnrin náà padà sí ọkùnrin. Mo kà á dé ibi tí lẹ́tà tí wọ́n kọ síra wọn nígbà ìsinmi ti bọ́ sọ́wọ́ baba ọ̀kan nínú wọn, tí baba náà sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ síta. Ìyá pòṣé. “Ta ni yóò wá bímọ fún wọn?” Ó gbé òwú rẹ̀, ó wọlé. Baba gbé ọ̀kọ̀ tó fi ń hun aṣọ sílẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

“Ọmọ yẹn, ṣé ó ríbi lọ?”

“Kò ríbi lọ, Baba.”

“Ìwọ ní ilé níbí. Ka ìyókù fún mi.”

N kò lè kà á. Ẹkún gbà mí lẹ́nu. Baba mú ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó ń hun aṣọ lọ títí ojú mi fi gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín mi sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá lanu, ó bi mí pé kí lọmọ inú ìwé yẹn rí jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e. Mo ní ìwé kò sọ. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe abiyamọ.

Àwọn méjèèjì ti kú báyìí. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, torí bí mo bá dúpẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, ẹnu mi kò sì gbà á nígbà náà. Wọ́n mọ̀, wọn kò sì bi mí.