Mo Ti Yí Pápá Ká, Kóòṣì

Ó dìgbà o, Bàbá mi, ó di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Èsì tí ẹ ní kí n má tíì fún yín ṣì wà lẹ́nu mi, ẹ sì ti lọ. Ìlọrin ni mo wà nígbà tí ìpè dé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ sì mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Kí ọkọ̀ tí mo wọ̀ tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ti kírun sí yín lára, wọ́n ti sin yín, omi tí wọ́n fi wẹ̀ yín ti gbẹ nílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ inú ìwé fídáù ọjọ́ kẹjọ yìí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, níwájú gbogbo ènìyàn.

Kí àwọn tí kò mọ̀ yín nígbà èwe lè gbọ́: orí kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì ni bàbá mi, Bùráímọ̀ Adéṣínà, ti bẹ̀rẹ̀. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló máa ń de àpótí onígi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀yin lẹ sì ń gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Ayépé àti Ibefun kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó jẹun àárọ̀. Búrẹ́dì àwọn yòókù ti máa ń tutù kó tó débẹ̀. Tiyín ṣì máa ń gbóná. Àwọn ará Ibefun kò mọ orúkọ yín, Búrẹ́dì Gbígbóná ni wọ́n ń pè yín, àwọn àgbà kan níbẹ̀ sì ń pè yín bẹ́ẹ̀ títí di ọdún tó kọjá. Tíṣà eré ìdárayá kan ló rí yín lọ́jọ́ kan tí ẹ ru búrẹ́dì tí ẹ sì ya ọkọ̀ akérò kan sílẹ̀ lórí òkè. Ó tẹ̀lé yín dé ilé búrẹ́dì, ó ní òun fẹ́ rí àwọn òbí yín.

Láàrin ọdún díẹ̀, ẹ ti ń gun kẹ̀kẹ́ eré fún ìpínlẹ̀ wa, lórí pápá oníkọnkéré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga sókè bí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ẹ borí, ẹ tún borí, títí àwọn tí ẹ jọ ń sá a fi ń du ipò kejì láàrin ara wọn. Àwọn mẹ́dàlì wúrà náà wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ìyá mi a máa fi aṣọ tútù nù wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yin a sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ẹ máa ń rí wọn, Bàbá. Bí àlejò bá wọlé, àga tó kọjú sí ògiri yẹn gan-an lẹ máa ń fún un.

Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí ẹ kò lọ sí ìdíje, ó sì jẹ́ ọdún tí agbára yín pọ̀ jù. Ọ̀gá kan ló fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọ́pò yín. Ọmọ náà lọ, ó sì gbẹ́yìn. Ẹ sọ ìtàn yìí fún wa débi pé a lè bá yín sọ ọ́ parí. Ìparí rẹ̀ kì í yàtọ̀: ẹ ó nà ró, ẹ ó ní, “Láyé mi, ẹnì kan kò ní sọ pé Bùráímọ̀ mú ẹni tirẹ̀.” Mo rò pé ìtàn lásán ni, mi ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀.

Nígbà tí orúnkún yín kò gbé e mọ́, ẹ di kóòṣì. Ẹ bẹ àwọn aláṣẹ ilé ìwé kan, wọ́n yọ̀ǹda etí pápá bọ́ọ̀lù wọn, ẹ sì fi ọwọ́ ara yín lu ilẹ̀ pupa yí i ká títí ó fi le bíi sìmẹ́ńtì. Ibẹ̀ lẹ ti kọ́ ọmọ aláṣọ, ọmọ tíṣà, ọmọ ọlọ́kadà, láì bi ẹnikẹ́ni pé ta ni bàbá rẹ̀. Ẹ kò jẹ́ kí a jẹ ìkọ́kọrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ eré, ẹ ní ó ń wúwo níkùn. Ẹ̀yin fúnra yín á ti jẹ àwo méjì kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀yin ọkùnrin gíga tí ẹ kì í fi ẹsẹ̀ rìn, mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì títì pàápàá, orí kẹ̀kẹ́ lẹ máa ń bá lọ.

Kẹ̀kẹ́ eré orí pápá kò ní bíréèkì. Bí táyà bá ṣì ń yí, ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún gbọ́dọ̀ máa yí pẹ̀lú rẹ̀. Bí eré bá parí, kò ṣeé dá dúró lójijì, ènìyàn á ṣì máa lọ títí kẹ̀kẹ́ á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti mú òfin yín jáde. Ẹni tó borí tó fẹ́ yangàn, ẹni tí wọ́n borí tó fẹ́ bínú, ohun kan náà lẹ máa ń sọ fún un: “Yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan ná, kí o tó sọ̀rọ̀.” Nígbà tó bá fi máa padà dé ọ̀dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ náà á ti dín kù. Ẹ dán an wò lára ìyá mi nígbà kan tí wọ́n ń bá yín jà nítorí gírísì tí ẹ ta sí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yí ilé ká lóòótọ́, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ padà wá.

Èmi Síkírá, àbíkẹ́yìn yín, wà lára àwọn ọmọ pápá náà. Fúnmi wà níbẹ̀, ọmọ tíṣà kan ní Ayépé, ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí a di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ìpínlẹ̀ ní kí ẹ fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ìdíje ní Àbújá. Ẹ ní kí àwa méjèèjì sá a ní ìyípo mẹ́ta, ẹni tí táyà rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ìlà lẹ máa pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró sídìí ìlà. A jọ dé bí ẹni tó di ara wọn lọ́wọ́ mú. Kẹ̀kẹ́ wa rọlẹ̀, a padà wá sọ́dọ̀ yín, ẹ sì pe Fúnmi.

Mo mọ̀ pé èmi ni mo ṣáájú. Mo la ẹnu, ẹ sì ní, “Síkírá, yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan ná.” Mi ò yí i ká. Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà dùbúlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ohun tí ẹ kórìíra jù láyé, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Láti ọjọ́ náà mi ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́.

Fúnmi gba mẹ́dàlì ní Àbújá. Èmi kàwé, mo di tíṣà ní Ìlọrin, mo lọ́kọ, mo bímọ. Mo ń wálé ní Iléyá, mo ń kúnlẹ̀ kí yín, mo ń gbé oúnjẹ síwájú yín. Ẹni tó bá wò wá á ní ọmọ rere ni mí. Èmi àti ẹ̀yin la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn nìkan ló kù láàrin wa.

Ní Iléyá tó kọjá, ẹ ti rù gan-an. Ẹ pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ wà níwájú yín, èyí tí mo rò pé ẹ ti fún ẹlòmíràn tipẹ́tipẹ́. Òróró ń dán lára ṣéènì rẹ̀, táyà méjèèjì sì kún fún afẹ́fẹ́. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé oṣooṣù lẹ máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ kò wo ojú mi nígbà tí ẹ sọ̀rọ̀.

“Síkírá, lọ́jọ́ ọjọ́un, táyà tìẹ ló kọ́kọ́ kan ìlà. Bí ìbú ìka kan báyìí. Mo rí i kedere. Ẹnu ayé ni mo bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo ṣe fún ẹ. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

Mi ò tíì rí bàbá tó bẹ ọmọ rẹ̀ báyẹn ládùúgbò wa. Bí mo ṣe fẹ́ fèsì, ẹ gbé ọwọ́ sókè bí ẹ ti máa ń ṣe létí pápá. Ẹ ní, “Má tíì dá mi lóhùn. Yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan ná.”

Inú bí mi, Bàbá. Mo padà sí Ìlọrin pẹ̀lú ìbínú tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ó ti wá dá mi lójú pé mi ò ṣì í. Mo ní ẹ ti gba Àbújá lọ́wọ́ mi, ẹ tún fẹ́ gba ìbínú mi lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, màá wálé wá sọ gbogbo rẹ̀ lójú yín. Ẹ kò dúró di ìgbà náà.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin yín, mo wọ ṣòkòtò, mo so ìborùn mi le, mo sì ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sí pápá. Fúnmi wà níbẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ yín báyìí. Ó bá mi di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú kí n lè gùn ún. Mo ti sanra, Bàbá, ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. Kí n tó yí i ká tán, orúnkún mi ti ń bẹ̀ mí. Mo fẹ́ dúró, kẹ̀kẹ́ náà kò gbà, ẹsẹ̀ mi ń yí, omi ń dà lójú mi, mo sì ń lọ. Mo rántí ọwọ́ yín lẹ́yìn ìjókòó lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé mi lé e. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ fi máa rọlẹ̀, mo wá ìbínú náà nínú ara mi, mi ò rí i mọ́. Àárò yín ni mo rí.

Mo jókòó ti Fúnmi lórí koríko, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, “Mo mọ̀, Síkírá. Mo rí táyà rẹ níwájú tèmi. Mo fẹ́ lọ sí Àbújá, mo bá panu mọ́.” Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́ síbí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìyìn nìkan ni wọ́n ń kọ fún òkú. Fúnmi kọjú sí mi. Ó ní, “Kọ ọ́. Orúkọ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni Kóòṣì máa ń pè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn ò pè é. Bá wọn pè é.” Nígbà tí ìyá mi gbọ́, wọ́n ní kí n kọ ọ́ dáadáa, kí n má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, mo bá yín pè é: lọ́jọ́ náà, Síkírá ló kọ́kọ́ kan ìlà, Fúnmi ló tẹ̀lé e. Gbogbo ọmọ tó gba ọwọ́ yín kọjá lẹ pe orúkọ wọn bó ti yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ṣì í, ẹ sì gbé e sọ́kàn títí, ẹ ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gùn. Ìyìn tèmi fún yín nìyẹn, Bàbá mi, pé ẹ kò jẹ́ kí táyà náà rọ̀.

Mo ti yí pápá ká, mo sì lè sọ̀rọ̀ báyìí. Mo ti dárí jì yín, tọkàntọkàn. Kí ẹ̀yin náà dárí jì mí, nítorí kẹ̀kẹ́ tí mo gbé sínú iyẹ̀pẹ̀, àti nítorí gbogbo Iléyá tí mo fi dákẹ́. Kí Allah forí jì yín, kí Ó fi Àlùjánńà ta yín lọ́rẹ.

Ẹsẹ̀ yín ti yí tó, Kóòṣì. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ rọlẹ̀. Ẹ sùn re o, Bàbá mi.