Ilé Ìwé Wo Lẹ Lọ, Bàbá?

Ẹ má bínú bí mo bá to ọ̀rọ̀ yìí sódì. Orí mi kì í dúró lójú kan mọ́. Láàárọ̀ yìí náà, mo wá fìlà mi títí, àṣé orí mi ló wà. Ṣùgbọ́n bí òórùn obì tútù bá ti gba imú mi, gbogbo ẹ̀ á padà wá, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú agbọ̀n. Obì tútù kì í rùn bí oúnjẹ. Bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló máa ń rùn, pẹ̀lú ewé tí a fi bò ó, ewé tó ti ń rà díẹ̀díẹ̀. Nínú ilé mi níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀ ni mo máa ń kó o sí, òórùn yẹn ò sì kúrò lára ògiri títí dòní. Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ní òun ò gbóòórùn nǹkan kan. Kò burú.

Obì ni mo tà. A máa ń rà á ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti àwọn abúlé ẹ̀yìn ibẹ̀, a ó ṣà á, a ó dì í, a ó bá lọ́rì gbé e lọ sókè Ọya. Ẹni tó bá rìn bí mo ṣe rìn á mọ̀ pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó máa ń bi àlejò. Ní Kánò, ẹ ó kọ́kọ́ kí ara yín pẹ́. Báwo ni àárẹ̀, báwo ni ilé, báwo ni ọ̀nà, báwo ni àárẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí o kọ́, wọ́n á bi ọ́ pé ọ̀dọ̀ àlùfáà wo lo ti kéwú. Èmi náà á dárúkọ àlùfáà mi, wọ́n á ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a ó jọ jókòó sórí ẹní kan náà. N'Íbàdàn, agboolé ni tiwọn. Bí o bá ti lè dárúkọ agboolé kan tí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ ti gbéyàwó, o ti di ará ilé. L'Ékòó, ibi tí ò ń gbé ni wọ́n fẹ́ mọ̀, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe kí ọ. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde wa yìí, kí o tó jókòó tán, wọ́n ti bi ọ́: "Ilé ìwé wo lẹ lọ?"

Wọn ò fi bú èèyàn. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Àwọn tó lọ ń wá ara wọn ni, bí ẹni ń wá ẹbí. Bí méjì bá pàdé tí wọ́n jáde níbì kan náà, ẹ̀rín á sọ, wọ́n á máa pe orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n sọ olùkọ́ wọn. Ẹni tí kò lọ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa bá wọn rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí wọ́n ń rín.

Bàbá mi ni kò fi mí sílé ìwé. Oníṣòwò ni, Mùsùlùmí paraku. Ó ní ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́, orúkọ mi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó fún mi ní síléètì. Nígbà tí àbúrò mi fi máa tó ilé ìwé, àwọn Mùsùlùmí ti dá tiwọn sílẹ̀. Ó lọ, ó kàwé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba. Èmi ti wà lórí lọ́rì nígbà yẹn. Mi ò bínú sí bàbá mi. Bó ṣe jẹ́ ni mo ń sọ.

Ọdún tí ọmọbìnrin mi parí yunifásítì ló mú ọkọ wá. Òun ni ìyá ọmọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Má wojú mi, máa kọ ọ́. Ilé onígbàgbọ́ ni ọkọ ti wá, ilé olùkọ́, níhìn-ín náà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá fún mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, èmi fúnra mi ni mo gbá iwájú ilé. Ìyàwó mi se ìkọ́kọrẹ́, òórùn ẹja gbígbẹ àti epo bo ti obì mọ́lẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ mi ti ṣí gbogbo fèrèsé láti àárọ̀, ó ní ilé ń rùn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ló ṣáájú wọn. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin gíga, aláwàdà. Bó ṣe jókòó tì mí, ó ní:

"Àna wa, ẹgbẹ́ wo lẹ wà?"

Ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú lè má mọ̀. Àwa tí wọ́n bí ní sáà kan náà, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, a máa ń ní ẹgbẹ́ tiwa. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ là ń pè é, ó ní orúkọ, a sì jọ máa ń lọ kí ọba lẹ́yìn Iléyá. Mo dárúkọ tèmi. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Ẹgbẹ́ mi nìyẹn. Èmi kì í wá sípàdé ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi kiri. Ilé ìwé wo lẹ wá lọ, bàbá?"

Mo ti la ẹnu. Ohun tí mo máa ń sọ ni mo fẹ́ sọ, pé ilé ìwé obì ni mo lọ. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀rọ̀ á sì kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbé omi fún wọn, òun ló dáhùn. Ó dárúkọ ilé ìwé kan tí gbogbo Ìjẹ̀bú mọ̀. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Ilé ìwé mi," ni ọkùnrin yẹn wí. Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ẹgbẹ́ kan, ilé ìwé kan. A jẹ́ pé kíláàsì kan náà la wà." Ó wá wò mí dáadáa. "Kí ló dé tí mi ò dá yín mọ̀? Yàrá wo lẹ sùn sí? Àbí ẹ máa ń wá láti ilé ni?"

Ní Kánò, irọ́ yẹn ì bá kọjá. N'Íbàdàn, ta ló máa mọ̀? Ìjẹ̀bú ni ẹgbẹ́ ti ń sọ ìgbà tí wọ́n bí ọ, tí ilé ìwé á sì sọ àwọn tí ẹ jọ jókòó. Ọmọ mi mọ̀wé, kò ro ìyẹn.

Ó wò mí. Mo mọ ojú yẹn láti kékeré rẹ̀, ojú tó fi máa ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyá òun. Ó fẹ́ kí n bá òun gbé e. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ olùkọ́ ló kù tí àna máa bi mí.

"Mi ò lọ ilé ìwé kankan," mo ní. "Obì ni mo tà. Ọmọ mi ń ṣeré ni."

Ọkùnrin yẹn ò bú mi. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Kò burú, àna. Ẹ̀yin ò lọ, ẹ rán ọmọ lọ. Ẹ wò ó, ó kàwé kàwé, ó ka tiyín mọ́ ọn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A jẹun, wọ́n súre, wọ́n lọ. Ọmọ mi kó abọ́ kọjá níwájú mi, kò wò mí.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù díẹ̀, òun àti àbúrò mi wá bá mi.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí bàbá kékeré jókòó sáàyè bàbá ìyàwó lọ́jọ́ náà. Àwọn ló lè bá àwọn ará ilé ọkọ mi sọ̀rọ̀."

Àbúrò mi ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ò bá fẹ́, mi ò ní ṣe é."

"Ṣe é," mo ní.

Mo rò pé bí mo bá gbà wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú á ti ọmọ mi, á ní rárá, bàbá, ẹ má dá mi lóhùn. Mo dúró dè é. Ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá," ó dìde.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àbúrò mi jókòó síwájú, ó wọ agbádá, ó sọ gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ gba àdúrà bàbá rẹ̀, iwájú àbúrò mi ló kúnlẹ̀ sí. Mo wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kan tó gbé àlejò wá láti Ayépé. Ọmọlúwàbí ni, ó bù nínú omi rẹ̀ fún mi.

"Bàbá, kí lẹ jẹ́ sí ìyàwó?" ó bi mí.

"Mo mọ bàbá rẹ̀," mo ní.

Ọ̀gá ilé ìwé yẹn ti kú. Kó tó kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípàdé ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń jókòó sí, kò bi mí ní ilé ìwé mọ́. Ìbéèrè tiẹ̀ ò dùn mí. Ìjẹ̀bú á máa bi, èmi náà á máa dáhùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìlú tí mo rìn, ẹnì kan ṣoṣo ló bá mi dáhùn bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀, ọmọ tí mo bí ni. Àdúrà tí mo ti ń tò sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu mi. Mi ò rí ẹni kúnlẹ̀ gbà á.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣé o kọ gbogbo rẹ̀? Èyí tó kan ìyá rẹ náà ńkọ́? Má yọ nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbóhùn rẹ̀ ní kíṣínnì, ó ti bá ọ wá kí mi. Fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí bó ṣe wà. Kà á fún mi báyìí, kí o sì kà á sókè.