Ìtàn Kànga Tí Kò Parí

Mo rántí ìgbà tí ọkọ̀ mi máa ń gba òórùn kọfí. Baba arúgbó ará Síríà kan ló ń gbé e wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní àdúgbò Third Ward ní Amẹ́ríkà nígbà náà, baba àti ọmọ wọn obìnrin ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé tí mo wà, mọ́ṣáláṣí kan náà la sì ń lọ. Ní Sátidé, mo máa ń gbé wọn lọ sí gbọ̀ngàn kan ní ìlú Stafford nítòsí ibẹ̀, níbi tí àwọn ará ìlú wọn ti ń kó ọmọ jọ kí baba lè pìtàn ilé fún wọn, kí àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà má baà sọ orírun nù. Baba á sọ ọ́ ní Lárúbáwá, ọmọ wọn á túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wá wo àṣà wọn! Ibi tí ìtàn bá ti dùn jù ni baba ti máa ń gé e. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn apìtàn ń ṣe nílé kọfí ní ìlú Àlẹ́pò ní Síríà, kí èrò lè padà wá. Èmi tí ìyá àgbà mi kì í jẹ́ ká sùn kí àlọ́ tó parí, inú a máa bí mi! Lọ́jọ́ kan, baba ń sọ nípa ọkọ ìyàwó kan ládùúgbò wọn tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga lọ mú òrùka ìyàwó rẹ̀. Okùn já. Baba ní, "Ó di Sátidé tó ń bọ̀." Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Nínú ọkọ̀, mo fi àkàrà bẹ̀ wọ́n: "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó jáde?" Wọ́n jẹ àkàrà mi tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Sátidé, ọmọ mi."

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Kí Sátidé tó pé, àrùn rọpárọsẹ̀ dá baba dùbúlẹ̀, ó sì gba ohùn wọn. A yíjú sí ọmọ wọn, ó bú sẹ́kún: "Wọn ò sọ ọ́ fún mi nílé rí. Wọ́n ní kí n wá jókòó gbọ́ ọ bíi ti gbogbo èèyàn." Ẹ̀yìn ìyẹn, a ṣì ń gbé baba lọ sí gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọ á sọ ìtàn náà débi tí okùn ti já, wọ́n á wojú baba. Baba á lanu, omijé nìkan ló ń jáde. Ó dùn mí wọra. Báyìí ni baba ṣe papò dà.

Ní báyìí, mo ti di bàbá ọlọ́mọ ní ìlú Sugar Land. Àwọn ọmọ mi, tí Yorùbá wọn kò ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ, fẹ́ràn ìtàn kànga yẹn. "Dádì, ṣé ó jáde?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní, "Ó di Sátidé." Baba ń sọ bẹ́ẹ̀ torí wọ́n mọ òpin rẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n.