Ìjókòó Ẹ̀yìn Máṣíìnì Bàbá Mi

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́ tí mo bá sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Enugu níbí. Èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ohun tó ń ṣí nípò láìjẹ́ pé nǹkan kan tì í. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó tì í ní tèmi ni n kò lè sọ.

Àdúgbò Obiagu ni ilé wa wà. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, iṣẹ́ akọ̀wé ní réléwè ló gbé wọn wá sí Enugu, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Wọ́n ní máṣíìnì kan, irú alùpùpù àtijọ́ tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún ẹni tó ń wà á, ọ̀kan fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tù mẹ́rin ló de ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Tí bàbá mi bá fẹ́ gbé màmá mi jáde, wọ́n á fi ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ àwọn nìkan ló fẹ́ rin ìrìn jíjìn, wọ́n á lóṣòó ní ìdájí, wọ́n á tú u, wọ́n á sì di ẹrù wọn sí àyè rẹ̀. Wọ́n á gbé ìjókòó náà ti ilẹ̀kùn màmá mi, wọ́n á fi áńkáṣíìfù di nọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní kókó méjì lé e lórí. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí màmá mi bá jí tí wọ́n bá ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti mọ̀ pé ilé làwọn máa wà lọ́jọ́ náà. Àwa ọmọ náà mọ̀ ọ́n.

Ìjókòó yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà màmá mi láàárọ̀ ọjọ́ tí lọ́rì kan gbá bàbá mi pa lójú ọ̀nà òkè Milliken Hill. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Wọ́n gbé máṣíìnì náà wálé pẹ̀lú iwájú rẹ̀ tó ti ká kò, a sì fi tapólì bò ó mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná. Màmá mi gbé ìjókòó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ibẹ̀ ló wà títí di ọdún tó kọjá.

Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn, ìrántí wọn sì ti ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bi mí pé, "Bàbá yín ò tíì dé?" Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n á sì sunkún bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ló ṣẹlẹ̀. Mo dẹ́kun sísọ ọ́. Nígbà tí a wà ní kékeré, láti ìpẹ̀kun àdúgbò ni wọ́n ti máa ń dá ìró máṣíìnì náà mọ̀, wọ́n á sì gbé omi ìwẹ̀ kaná. Mo rò pé tí wọ́n bá tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí mo fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa méjì péré la wà nílé nígbà ọyẹ́ ọdún náà, torí ìyàwó mi ti lọ bá ọmọ wa tó bímọ ní Port Harcourt. Mo fi sáńpépà ha ìpẹta kúrò. Mo wá kábúrétọ̀ àti fọ́ọ̀kì iwájú lọ sí Coal Camp níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí èyí tó bá a mu. Mo kun táńkì ní àwọ̀ ewé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo fa ìjókòó yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi, mo sì dè é. Wọ́n ń wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, ìjókòó náà wà lẹ́nu ọ̀nà màmá mi. Nọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú àkísà tí mo fi ń nu ọwọ́, kókó méjì.

Màmá mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti ká ìka wọn, èmi ni mo ń fún wọn lóúnjẹ. Ta ni yóò fi irú ọwọ́ yẹn di sípánà mú? Mo tún un dè. Mo jẹun ọ̀sán, mo sùn díẹ̀, mo jí, ó tún ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá mi fà mí lápá aṣọ. Ohùn wọn kò ròkè rárá.

"Ọkọ mi, bàbá yín ní kí n dúró sílé."

Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Mo tún un dè.

Ní ọjọ́ kẹta, Mama Nkechi tó ń gbé ilé kejì pè mí lórí ògiri. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́.

"Oga Teacher, your mechanic no dey greet person o."

"Which mechanic?"

"That one wey fold him trouser. Him dey use left hand. I greet am two times, e just squat there dey loose your machine."

N kò gba mẹkáníìkì kankan. Bàbá mi ló ń lo ọwọ́ òsì. Mama Nkechi kò tíì pé ogójì ọdún, a ò tíì bí i nígbà tí wọ́n kú. Orí mi wú.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n agídí mi kò jẹ́. Mo tún ní ìbínú kan sí bàbá mi tó ti pẹ́ nínú mi: wọ́n jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan wọn ò padà wálé, èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ láti máa gbọ́ "Bàbá yín ò tíì dé?" ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Mo gbé òòlù. Mo de nọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin, mo sì lu orí bóòtù tó yọ jáde lára wọn pẹrẹsẹ, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má lè tú wọn mọ́. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Ẹ tú u, kí n rí i."

Ilẹ̀ mọ́, ìjókòó wà níbi tí mo dè é sí.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo fẹsẹ̀ ta máṣíìnì náà lẹ́ẹ̀márùn-ún kó lè dún, kò dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kẹfà ló dún. Ìró àtijọ́ yẹn gan-an ni. Mo sunkún, ojú kò tì mí.

Màmá mi jáde wá. Èmi ni mo máa ń dì wọ́n mú rìn, ṣùgbọ́n ògiri nìkan ni wọ́n fọwọ́ tì wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ró ìró tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n we gèlè, báàgì wà lápá wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan nọ́ọ̀tù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Wọn ò tú u lónìí," ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́.

"Màmá..."

"Wọ́n ti ní kí n máa bọ̀."

Mo lè sọ fún wọn pé òòlù mi ni, kì í ṣe bàbá mi. Mo wo ojú wọn. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí n kò rí ẹ̀rín yẹn.

Mo gbé wọn jókòó sẹ́yìn, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ jókòó bí wọ́n ti máa ń ṣe. Orí irin ìdúró rẹ̀ ni máṣíìnì wà, kò lọ síbì kankan. Mo ní kí n wọlé mú fóònù wá ya fọ́tò. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Mo wà nínú ilé nígbà tí ìró rẹ̀ yí padà, ó wúwo bí ìgbà tí máṣíìnì bá ń gun òkè. Lẹ́yìn náà, nǹkan irin kan bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Òmíràn bọ́. Ìkẹta bọ́. Máṣíìnì sì kú.

Mo sáré jáde. Màmá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé afẹ́fẹ́ bí ẹni tó sinmi lé ẹ̀yìn ẹlòmíràn, ọwọ́ wọn méjèèjì sì ká nǹkan tí n kò rí mọ́ra. Kò sí ohun tó gbé wọn dúró, síbẹ̀ wọn ò ṣubú, àfìgbà tí mo fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ti lọ.

Nọ́ọ̀tù mẹ́ta wà nílẹ̀, wọn ò kán, wọn ò yingin. Orí bóòtù wọn ṣì rí pẹrẹsẹ bí mo ṣe lù ú. Ìkẹrin ti yí dé ìdajì. Sípánà mi wà ní apá òsì máṣíìnì; nígbà tí mo mú u, ó gbóná lọ́wọ́ mi.

Dókítà ní ọjọ́ ogbó ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní bàbá mi ló wá mú ìyàwó wọn. Ta ló ń wá mú ènìyàn lọ tó tún ń tú ìjókòó lábẹ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ta wá ni màmá mi dì mọ́ra? N kò mọ̀. Nọ́ọ̀tù kẹrin ṣì wà bẹ́ẹ̀, n kò lè dè é, n kò sì lè tú u.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún nǹkan àwọn tó ti lọ ṣe, mo bẹ̀ yín. Tí ẹ bá ń de nǹkan tí ẹnìkan tí ẹ ò rí ń tú u, ẹ gbé òòlù sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń sọ. Èmi mọ ohun tí bàbá mi ń sọ, láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, òòlù ni mo sì fi dá wọn lóhùn.